Ìtàn Márùn-ún Lórí Ẹ̀ṣẹ̀ Ìkọ̀kọ̀ àti Àléébù Ẹ̀dá: Èwo Ni Kí Ẹgbẹ́ Ìkàwé Yín Mú?

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àṣírí wa tú." Bí Yorùbá bá péjọ sí pálọ̀ kan ní Kubwa tàbí Lugbe, ìbáà jẹ́ ìsọmọlórúkọ, ìbáà jẹ́ ìpàdé ẹgbẹ́, àdúrà yìí ò ní ṣàìjáde, àmín tó bá sì tẹ̀lé e á ròkè ju ti àwọn tó kù lọ. A kì í gbàdúrà pé ká má ní àṣírí. Ìbòrí là ń tọrọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìtàn kúkúrú ilẹ̀ òkèèrè tó dá lórí ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ fi máa ń wọ Yorùbá lára ju bí olùkọ́ lítíréṣọ̀ ṣe ń rò lọ, bí a bá ti lè mú èyí tó bá àwọn tó jókòó mu.

Márùn-ún la fẹ́ fi wéra níbí. Nathaniel Hawthorne, ará Amẹ́ríkà, ló kọ mẹ́ta: "The Minister's Black Veil", "Young Goodman Brown" àti "The Birth-Mark". Edgar Allan Poe, ará Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, ló kọ "The Tell-Tale Heart". Leo Tolstoy, ará Rọ́ṣíà, ló kọ èyí tí a mọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì sí "God Sees the Truth, But Waits". Ẹgbẹ́ ìkàwé Yorùbá l'Ábùjá la ní lọ́kàn, àti olùkọ́ SS 2 tàbí SS 3, olórí àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti òbí tó fẹ́ kàwé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nílé.

Ohun tí a fi wọ̀n wọ́n

Gígùn ni àkọ́kọ́, nítorí pé ọ̀nà Abuja kì í jẹ́ kí ìpàdé pẹ́. Ẹni tó ń ti Mararaba bọ̀ ní Wuse á ti fi agbára díẹ̀ sílẹ̀ sójú ọ̀nà kó tó jókòó. Ẹ ka ìpàdé sí wákàtí méjì. Ẹni tó bá ń ka Gẹ̀ẹ́sì sókè láìkánjú á ka bí ọ̀rọ̀ 130 sí 150 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìtàn ọlọ́rọ̀ 5,000 á gbà tó ìṣẹ́jú 35 sí 40. Bí ẹnì kan bá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń parí, ẹ sọ àkókò yẹn di ìlọ́po méjì. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ilé ni kí kálukú ti kà á wá.

Owó ìwé ò sí níbẹ̀ rárá. Poe kú ní 1849, Hawthorne ní 1864, Tolstoy ní 1910. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ náà ń parí lẹ́yìn 70 ọdún tí oǹkọ̀wé ti kú. Ẹ ó rí wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg, ìkànnì ìwé ọ̀fẹ́, LibriVox sì ní ohùn àwọn tó kà wọ́n fún ẹni tójú ń dùn. Bébà àti yíǹkì nìkan lẹ ó sanwó fún. Ojú ewé A4 kan tí a fi lẹ́tà ìwọ̀n 12 tẹ̀ ń gba bí ọ̀rọ̀ 500. Ìtàn ọlọ́rọ̀ 5,000 á jẹ́ ojú ewé mẹ́wàá. Fún ènìyàn 12, ó di 120, tàbí bébà 60 bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní ojú méjèèjì. Ibi tí owó ti máa ń ṣòfò ni kí ènìyàn gbé fáìlì Gutenberg lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà bó ṣe wà. Odidi ìwé ló máa ń wà nínú fáìlì bẹ́ẹ̀, ìtàn bí ogún lè wà níbẹ̀, pẹ̀lú ojú ewé òfin lẹ́yìn. Ọmọ tó ń tẹ̀wé ò mọ èyí tí ẹ fẹ́, á tẹ gbogbo rẹ̀. Ẹ da ìtàn yẹn nìkan kọ sínú fáìlì tuntun kí ẹ tó kúrò nílé.

Àmì ni ẹ̀kẹta, òun ló sì wúwo jù. Àwọn baba wa mọ àmì lò dáadáa. Bí ènìyàn bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹ, "ẹfà" ló ń sọ: ọkàn òun fà sí ẹ. Àrokò bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀ kan tí ẹni tó rán an àti ẹni tó gbà á jọ mọ̀, bó bá sì ti yé èèyàn, ó parí. Àmì inú ìtàn wọ̀nyí ò rí bẹ́ẹ̀. Òmíràn nínú wọn ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo, òmíràn ní mẹ́rin tó ń bá ara wọn jà, òǹkọ̀wé ò sì sọ èyí tó tọ̀nà. Àwọn ẹgbẹ́ kan á gbádùn irú àìdájú bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn á bínú, wọ́n á ní ìtàn náà ò parí. Ẹ mọ irú èyí tí tiyín jẹ́ kí ẹ tó yàn.

Èyí tó kẹ́yìn ni àwọn tó jókòó: ọjọ́ orí wọn, bí Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn tó, àti pé l'Ábùjá níbí, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ló máa ń jókòó pọ̀ lórí àga kan náà.

Aṣọ dúdú lójú àlùfáà

"The Minister's Black Veil" jáde ní 1836, ó wọ inú ìwé Twice-Told Tales ní 1837. Bí ọ̀rọ̀ 5,000 ni. Àlùfáà Hooper, àpọ́n tó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, jáde sí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní Milford, aṣọ dúdú fẹ́lẹ́ oníṣẹ́po méjì ló fi bojú; ẹnu àti àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ló hàn. Kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ó wàásù lórí ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀, lórí ohun tí à ń fi pamọ́ fún ẹni tó sún mọ́ wa jù, tí a tilẹ̀ fẹ́ fi pamọ́ fún ara wa, tí a gbàgbé pé Ọlọ́run rí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ó sìnkú ọ̀dọ́mọbìnrin kan. Lálẹ́, ó so tọkọtìyàwó pọ̀. Kò sì ṣí aṣọ yẹn kúrò lójú títí ó fi dolóògbé.

Ibi tó yẹ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì ni ibi ìgbéyàwó. Hooper gbé ife wáìnì sókè láti kí àwọn tọkọtìyàwó kú oríire. Lójijì ó ṣe kòńgẹ́ ara rẹ̀ nínú dígí. Fìrí ló rí aṣọ dúdú náà, bí àwọn yòókù ṣe ti ń rí i látàárọ̀. Ara rẹ̀ gbọ̀n, ètè rẹ̀ funfun, wáìnì tí kò tíì kàn án lẹ́nu dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì sáré jáde sínú òkùnkùn. Hawthorne wá fi gbólóhùn kan tì í pé ilẹ̀ ayé náà ti bo aṣọ dúdú tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń rí i pé kì í ṣe ọkùnrin kan tó fẹ́ dẹ́rù ba ìjọ là ń kà nípa rẹ̀. Aṣọ náà ń ba ẹni tó wọ̀ ọ́ lẹ́rù ju gbogbo ìlú lọ.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìtàn yìí fi hàn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí nígbà tí kò sí ojú tí a lè wò. Àwọn àgbà ìjọ wá bá Hooper láti bi í léèrè, wọ́n jókòó, wọ́n wo aṣọ yẹn, wọn ò lè la ẹnu. Elizabeth àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nìkan ló béèrè tààrà. Ó ní kó ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré kí òun rí ojú rẹ̀. Hooper kọ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn sì parí síbẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà nílé á rántí egúngún, ẹ má sì dá a lẹ́kun. Ìfiwéra náà wúlò gan-an bí olùdarí bá mọ ibi tó ti yàtọ̀. A mọ̀ pé ènìyàn wà lábẹ́ agọ̀, a kì í sọ ọ́. Gbogbo ìlú ló pawọ́ pọ̀ bo àṣírí yẹn, ìdí nìyẹn tí kò fi ba ìlú jẹ́. Hooper dá tirẹ̀ bò ni. Kò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a ru ẹrù náà. Ó bojú kó lè jẹ́wọ́ pé òun ní ohun tí òun ń bò, bíi pé ó yí àdúrà tí a fi bẹ̀rẹ̀ sódì. Ẹgbẹ́ tó bá débi ọ̀rọ̀ yìí, ìpàdé wọn ò já sí asán.

Ohun méjì ló lè ba ìpàdé náà jẹ́. Àkọ́kọ́, ní ìlú tí híjáàbù àti níkáàbù pọ̀ bíi tiwa, àwàdà kan á fẹ́ yọ. Ẹ ti sọ ọ́ níṣàájú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: aṣọ ọ̀fọ̀ ni aṣọ Hooper, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ òkú nílẹ̀ wọn nígbà náà. Kò kan eléhàá, kò kan ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan tó, ẹ má fi ṣe ìwàásù.

Ìkejì ni pé àwọn ènìyàn á fẹ́ mọ ohun tí Hooper ṣe gan-an. Wọ́n á máa méfò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Poe fúnra rẹ̀ bọ́ sínú ọ̀fìn yìí: nígbà tó ń yẹ ìwé Twice-Told Tales wò ní 1842, ó ní àlùfáà náà ti ṣe ọ̀ràn dúdú kan tó kan ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n sin. Nǹkan wà nínú ìtàn tó lè mú ènìyàn rò bẹ́ẹ̀, torí obìnrin àgbà kan rò pé òkú náà gbọ̀n nígbà tí Hooper bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ Hawthorne kọ àlàyé sábẹ́ ìtàn rẹ̀ pé àlùfáà kan, Joseph Moody ti York ní Maine, ti bojú bẹ́ẹ̀ rí nítorí pé ó ṣèèṣì pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kékeré, ó sì fi kún un pé ìtumọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Hooper. Ẹ fún ìméfò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí ìbéèrè padà: ta ni ẹ̀rù ń bà nínú ìtàn yìí, kí ló sì ń bà á lẹ́rù?

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le díẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀ tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀. Fún àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́, tó ti ní ìdílé, tó mọ ohun tó ń jẹ́ pé èèyàn gbé nǹkan sínú, kò sí èyí tó dára tó o nínú márààrún.

Ríbọ́ọ̀nù píńkì nínú igbó

"Young Goodman Brown" ti jáde ṣáájú, ní oṣù kẹrin 1835, ó fi díẹ̀ gùn ju ti Hooper. Ọkọ ìyàwó tuntun kan fi aya rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó wọ igbó lọ bá àgbàlagbà kan tí ọ̀pá rẹ̀ dà bí ejò dúdú ńlá. Bó ṣe ń lọ ló ń rí àwọn tó ń bọ̀wọ̀ fún tí wọ́n ń lọ sí ìpàdé òru kan náà: Goody Cloyse, ìyá àgbà tó kọ́ ọ ní kátíkísìmù, díákónì, àti àlùfáà ìlú. Níkẹyìn ríbọ́ọ̀nù píńkì aya rẹ̀ já bọ́ láti òkè, ó há sórí ẹ̀ka igi. Ilẹ̀ mọ́, ó padà sílé, kò sì mọ̀ bóyá àlá ni. Àmọ́ láti ọjọ́ náà kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, ó sì kú nínú ìbànújẹ́.

Orúkọ ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Faith ni aya rẹ̀ ń jẹ́, nígbà tó bá sì kígbe pé Faith òun ti lọ, ohun méjì ló ń sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ń túmọ̀, ẹ pe obìnrin náà ní Ìgbàgbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ìgbàgbọ́ mi ti lọ!" á wá dún lédè wa bó ṣe dún ní tiwọn gan-an. Bí ẹ bá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, igbe yẹn á kú. Ẹ ṣọ́ra fún "Goodman" náà: kò túmọ̀ sí ènìyàn rere, oyè baálé ilé lásán ni. "Goody" ni ti abilékọ, nítorí náà "Ìyá Cloyse" ló bá a mu lẹ́nu wa.

Ìtàn yìí lágbára, ṣùgbọ́n òun la ò ní kánjú fi lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Yorùbá kì í gbọ́ ìpàdé òru nínú igbó kó má ronú kan àjẹ́, láàárín ogún ìṣẹ́jú ẹnì kan á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti àǹtí bàbá rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti tú ilé ká, ó ti sọ arúgbó àti ọmọ kékeré di ẹni ìtanù lórílẹ̀-èdè yìí. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ́kọ́ sọ ìtàn Salem, ìlú Brown l'Amẹ́ríkà, ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní 1692, wọ́n yẹgi fún ènìyàn 19 níbẹ̀ lórí ẹ̀sùn àjẹ́, wọ́n sì fi òkúta tẹ ọkùnrin kan pa. Lára ohun tí ilé ẹjọ́ gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ni pé ẹnì kan rí ẹ̀mí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. John Hathorne, baba ńlá Hawthorne, wà lára àwọn adájọ́ náà. Orúkọ Cloyse tó wà nínú ìtàn, orúkọ obìnrin kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lóòótọ́ ni. Ẹgbẹ́ tó bá ti mọ èyí á rí i kíá pé irú ẹ̀rí tí Brown fi dá aya rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ lẹ́bi ni wọ́n fi yẹgi fáwọn ènìyàn ní Salem: ohun tó rí lóru, tí kò dá a lójú. Láìsí ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, ẹ fi sílẹ̀.

Àmì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́

"The Birth-Mark" kì í ṣe ìtàn ẹ̀ṣẹ̀. Àléébù ni tirẹ̀, ìdí tí a fi fi kún wọn nìyẹn. Oṣù kẹta 1843 ló jáde, òun ló sì gùn jù, bí ọ̀rọ̀ 6,000. Aylmer, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fẹ́ Georgiana. Arẹwà ni, àmọ́ àmì pupa kékeré kan tó rí bí àtẹ́lẹwọ́ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i. Bí ojú bá ń tì í tí ẹ̀jẹ̀ kún ojú rẹ̀, àmì náà á wọ̀ ọ́, kò ní hàn mọ́. Bó bá sì funfun, á yọ kedere. Àwọn tó ti fẹ́ fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ máa ń sọ pé iwin kan ló gbọ́wọ́ lé e lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ò lè wò ó láìgbọ̀n. Ó po oògùn, obìnrin náà mu ún, àmì náà ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀, bó sì ṣe parẹ́ tán ni ẹ̀mí rẹ̀ bọ́.

Nílẹ̀ wa, àfín, abuké àti arọ, ẹni òrìṣà là ń pè wọ́n. Ọbàtálá tó ń mọ ara ènìyàn ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ojú tí Yorùbá fi ń wo àléébù ti yàtọ̀ sí ti Aylmer kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpara tó ń bóra kún ọjà Wuse àti gbogbo ọjà tó yí i ká, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín sọ pé ìwà àwọn òyìnbó nìyẹn. Ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ kórìíra àmì náà. Kì í ṣe Georgiana. Ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹwà ni. Ojú ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ bí yóò ṣe kórìíra ara rẹ̀, nígbà tó fi máa mu oògùn, òun gan-an ló ń bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé àárín rẹ̀ wúwo. Gbólóhùn gùn, Hawthorne sì ń ka orúkọ àwọn onímọ̀ ìgbà láéláé. Bí ẹ bá ń kà á sókè, ẹ lè fo ibi tí Georgiana ti ń yẹ àwọn ìwé inú yàrá iṣẹ́ náà wò, àmọ́ ẹ má fo ibi tó ti ka ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ rẹ̀, tó rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù ṣì jẹ́ ìkùnà sí ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹ má sì fo àlá Aylmer ní ìbẹ̀rẹ̀: ó lá pé òun ń fi ọ̀bẹ yọ àmì náà, bó ṣe ń gbẹ́ ẹ sí i ló ń wọlé sí i, títí àtẹ́lẹwọ́ náà fi di ọkàn obìnrin náà mú. Ìlàjì ìtàn ti wà nínú àlá yẹn. Aminadab, ọmọ iṣẹ́ Aylmer tí ara rẹ̀ kún fún èéfín, ló sọ òótọ́ jù: bó bá jẹ́ ìyàwó òun ni, òun ò ní jẹ́ kí àmì yẹn kúrò. Ó kéré tán, ẹ ka gbólóhùn yẹn sókè lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkàn tó ń lù

Poe ò ní gba àkókò yín. "The Tell-Tale Heart" ò ju bí ọ̀rọ̀ 2,200 lọ, ojú ewé mẹ́rin ààbọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́tàdínlógún lẹ ó fi kà á tán. Apànìyàn kan tí kò sọ orúkọ rẹ̀ ń ṣàlàyé fún wa pé orí òun pé. Ó pa bàbá arúgbó kan nítorí ojú rẹ̀ kan tó dà bíi ti igún, ó sin ín sábẹ́ pákó ilẹ̀, àwọn ọlọ́pàá mẹ́ta dé, ó gbé àga lé orí ibẹ̀ gan-an, ó jókòó. Ó wá ń gbọ́ ìró ọkàn tó ń lù, ó ń lọ sókè sí i, títí ó fi pariwo pé kí wọ́n tú pákó náà. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà: òwe yìí tó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Èdè wa tilẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní "conscience", ẹ̀rí ọkàn la pè é, àkọlé ìtàn náà sì ti di "Ọkàn Tó Ń Jẹ́rìí" láìsí wàhálà. Àmì rẹ̀ ò ju ìtumọ̀ kan tàbí méjì lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ SS 2 tí ẹ fẹ́ kọ́ ní bí àmì ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gé òkú nínú rẹ̀, ẹ má kà á fún ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Iyẹ̀pẹ̀ nínú bàtà

"God Sees the Truth, But Waits" jáde ní 1872. Àwọn ọmọ abúlé ni Tolstoy kọ ọ́ fún, sínú ìwé ìkọ́ni-kàwé rẹ̀, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí rọrùn. Ọmọ JSS 2 á kà á fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ 3,000 ni. Ẹ kíyè sí i pé olùtumọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀: ìtumọ̀ Louise àti Aylmer Maude ò ní wàhálà mọ́, torí Aylmer ti kú láti 1938, Louise láti 1939. Ìtumọ̀ tuntun tí ẹ bá rí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀.

Aksionov, oníṣòwò, ń lọ sí ọjà ńlá kan. Aya rẹ̀ lá àlá pé irun rẹ̀ ti funfun. Wọ́n pa oníṣòwò kan nílé èrò tó sùn sí, wọ́n bá ọ̀bẹ ẹlẹ́jẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀, ó sì lo ọdún 26 ní Siberia fún ohun tí kò ṣe. Makar Semyonich tó pa ẹni náà dé ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn níkẹyìn. Lóru kan Aksionov bá a níbi tó ti ń gbẹ́ ihò abẹ́ ògiri. Inú bàtà gígùn rẹ̀ ló ń da iyẹ̀pẹ̀ sí, tó ń lọ dà á nù lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá kó wọn lọ síbi iṣẹ́. Àwọn wọ́dà rí iyẹ̀pẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n bi Aksionov pé ta ló gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ àti ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun ò lè sọ.

Ẹ dúró síbẹ̀. Nínú ìtàn ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú, ẹnì kan ń bo tirẹ̀ tàbí ó ń tú ti ẹlòmíràn. Níbí, ẹni tí ayé rẹ̀ bàjẹ́ ló bo àṣírí ẹni tó bà á jẹ́. Ìyẹn ló mú kí Makar wá kúnlẹ̀ lóru, tó jẹ́wọ́. Àṣẹ ìtúsílẹ̀ dé lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ náà. Aksionov ti kú. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tolstoy gbà pé yóò lé e bá lóòótọ́. Ó kàn ń bi wá pé ta ló máa wà láyé lọ́jọ́ náà. Nínú gbogbo ohun tí Tolstoy kọ, méjì péré ló fúnra rẹ̀ kà sí iṣẹ́ rere nígbà tó dàgbà, ìtàn yìí sì jẹ́ ọ̀kan.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí olùdarí sáré parí rẹ̀ sí "ẹ máa dárí jini". Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá ní ẹbí tó ń dúró de ìdájọ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ní Kuje tàbí ibòmíràn, gbólóhùn yẹn á dùn ún. Ẹ jẹ́ kí ìbínú sí adájọ́ àti ọlọ́pàá inú ìtàn jáde ná. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ta ni kó mú èwo

Ẹgbẹ́ àgbàlagbà tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ wà nínú rẹ̀, ẹ mú aṣọ dúdú Hooper. Bí wọn ò bá fẹ́ràn ìtàn tí kò sọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ mú Tolstoy; òun náà ló tọ́ sí ilé tí òbí ti ń kàwé pẹ̀lú ọmọ, àti ẹgbẹ́ tó fẹ́ túmọ̀ ìtàn sí Yorùbá fún ìgbà àkọ́kọ́, torí gbólóhùn rẹ̀ kúrú, kò sì sí ìṣọwọ́lò-ọ̀rọ̀ tó máa sọnù lọ́nà.

Olùkọ́ tó ní ìṣẹ́jú 40 péré, Poe ni kó mú. Á kà á tán, ìṣẹ́jú 20 á ṣì kù fún ìbéèrè.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, tàbí àwọn tọkọtaya tó jọ ń kàwé, ẹ má jẹ́ kí gígùn "The Birth-Mark" dẹ́rù bà yín. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kà á nílé. Ìjíròrò tó máa tẹ̀lé e á tó bẹ́ẹ̀, á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Brown wà fún ẹgbẹ́ tó ti kàwé pọ̀ fún bí ọdún kan, tí wọ́n ti lè bára wọn jiyàn láìbínú, tí olùdarí wọn sì lè dá ọ̀rọ̀ àjẹ́ dúró láìtàbùkù ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe fún àwọn ọ̀dọ́.

Bí ẹ bá ní ìpàdé méjì tó tẹ̀léra, ẹ ka Hooper lákọ̀ọ́kọ́, kí Tolstoy tẹ̀lé e. Nígbà tí ẹ bá ń tẹ ti Hooper, ẹ tẹ ibi ikú rẹ̀ sí bébà ọ̀tọ̀, ẹ má tíì pín in. Ẹ ka ìyókù, ẹ jẹ́ kí wọ́n méfò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọn, kí wọ́n sọ̀rọ̀ dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wọn dé. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá pín bébà ìkẹyìn fún wọn, níbi tí ọkùnrin tó ń kú lọ yẹn ti gbé ara sókè lórí ibùsùn, tó wo gbogbo àwọn tó yí i ká, tó sì ní aṣọ dúdú lòun ń rí lójú oníkálukú wọn.